Kẹ̀kẹ́ Gígùn Létí Òkun: Kí Ọkọ Máa Ṣọ́ Aya, Kí Aya Máa Ṣọ́ Ọkọ

Abúlé Bomo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Samaru ní Zaria, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, kò sì jìnnà sí ọgbà Yunifásítì Ahmadu Bello. Bí ẹyẹ bá fò tààrà láti ibẹ̀ lọ sí Èkó, yóò fò ju 600 kìlómítà lọ kí ó tó rí òkun. Kẹ̀kẹ́ ológeere kò ṣàjèjì ní agbègbè yìí. Àgbẹ̀ ń gbé e lọ sí oko, akẹ́kọ̀ọ́ ń gùn ún lọ sí kíláàsì, ilẹ̀ ibẹ̀ náà sì tẹ́jú dé ìwọ̀n tí kì í fi í ni ẹlẹ́sẹ̀ lára. Bí tọkọtaya kan níbẹ̀ bá pinnu láti lo ìsinmi wọn lórí kẹ̀kẹ́, kí wọ́n gba etíkun láti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, kí wọ́n kọjá ní Seme, kí wọ́n gba Kútọnu, Ouidah àti Grand-Popo títí dé Lomé ní orílẹ̀-èdè Tógò, ọ̀nà tí ó tó nǹkan bí 270 kìlómítà, wọ́n lè rò pé àwọn ti gbára dì tán, nítorí pé ẹsẹ̀ wọn ti le. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀ ni ó léwu jù nínú irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Òógùn tí kò gbẹ ni.

Àǹfààní tí kẹ̀kẹ́ gígùn ń ṣe fún ara kì í ṣe ohun àríyànjiyàn. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020, àjọ náà gba àwọn àgbàlagbà níyànjú láti máa ṣe eré ìmárale tí ó mọ níwọ̀n fún 150 sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gun kẹ̀kẹ́ láti Bomo lọ sí ibi iṣẹ́ ní Samaru lójoojúmọ́ lè ti pé iye yìí láìmọ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn gun kẹ̀kẹ́ fún ìdajì wákàtí lórí ilẹ̀ tí ó mọ̀, ọ̀tọ̀ sì ni kí ó gùn ún fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́, fún ọjọ́ bíi mélòó kan léra, nínú afẹ́fẹ́ tí ara rẹ̀ kò bá pàdé rí.

Ìdí tí òógùn kì í fi í gbẹ létíkun

Nígbà tí iṣan ẹsẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára tí ó ń lò ni ó ń yí kẹ̀kẹ́. Ìdá mẹ́ta yòókù ń di ooru nínú ara. Bí ooru yìí kò bá rí ọ̀nà jáde, ìgbóná ara, tí ó yẹ kí ó wà ní nǹkan bí 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yóò máa gòkè. Òógùn ni ara fi ń lé ooru náà jáde. Síbẹ̀, kì í ṣe jíjáde òógùn ni ó ń mú ara tutù, bí kò ṣe gbígbẹ tí ó ń gbẹ kúrò lára. Òógùn tí ó kán sílẹ̀ láti àgbọ̀n, tàbí tí ó rin aṣọ gbingbin tí kò sì gbẹ, ti gbé omi àti iyọ̀ ara lọ lásán, kò bá ènìyàn gbé ooru lọ.

Ní Zaria, ní àkókò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé ètè ń sán, gìgísẹ̀ ń là. Ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ lè làágùn púpọ̀ kí ó má sì mọ̀, nítorí pé bí òógùn ti ń yọ ni atẹ́gùn ń gbẹ ẹ́. Ara rẹ̀ ń tutù, ìyọ̀ funfun díẹ̀ tí ó kù lára aṣọ ni ó máa rí ní ìrọ̀lẹ́. Létíkun, ọ̀rọ̀ yí padà. Afẹ́fẹ́ tí ó ń ti orí òkun bọ̀ ti kún fún ọ̀rinrin, kò sì ní àyè púpọ̀ láti gba omi mìíràn. Òógùn yóò máa ṣàn, ara kò ní tutù bí ó ti yẹ, ọkàn yóò máa sáré láti gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí awọ ara, iṣan ẹsẹ̀ náà yóò sì máa bèèrè ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀.

Ohun kan tí ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé òjò tí ń rọ̀ ní Lomé láàárín ọdún kan kò tó èyí tí ń rọ̀ ní Zaria. Apá etíkun láti Accra dé Lomé wà lára àwọn ibi tí òjò kò pọ̀ sí ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi iye òjò mọ bí ara yóò ti rí. Ilẹ̀ lè gbẹ kí afẹ́fẹ́ máà gbẹ.

Kí ara tó mọ́ ọn

Ara ènìyàn ń kọ́ ooru bí ọmọdé ti ń kọ́ èdè. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn sọ pé bí ènìyàn bá ń ṣe eré ìmárale díẹ̀díẹ̀ nínú ooru, ó máa ń gba ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá kí ara tó mọ́ ọn dáadáa. Láàárín àkókò yìí, omi inú ẹ̀jẹ̀ yóò pọ̀ sí i, òógùn yóò tètè máa jáde, iyọ̀ inú òógùn náà yóò sì dín kù. Bí ènìyàn bá fi ooru sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀kọ́ náà yóò tún bọ́ kúrò lára.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí tọkọtaya múra sílẹ̀ nínú ọyẹ́ oṣù kejìlá, nígbà tí òwúrọ̀ Zaria tutù nini, kí wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó nínú oṣù kìn-ín-ní, kí wọ́n sì gbé kẹ̀kẹ́ jáde ní ọjọ́ kejì. Wọ́n ní agbára ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ooru tútù yẹn ṣàjèjì sí wọn. Ó sàn kí wọ́n dé etíkun ní ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán ṣáájú, kí wọ́n máa gùn fún ìdajì wákàtí, lẹ́yìn náà wákàtí kan, lẹ́yìn náà wákàtí méjì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ẹni tí kò bá ní àyè ọ̀sẹ̀ kan lè fi ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà ṣe kékeré: Èkó sí Àgbádárìgì nìkan lọ́jọ́ kìn-ín-ní, kí wọ́n ti sinmi kí oòrùn tó dé àtàrí.

Ní ti àsìkò, oṣù kẹjọ ni ó tù jù. Òjò etíkun sábà máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nígbà náà, ìkùukùu máa ń bo oòrùn, ooru kò sì le bíi ti oṣù kejì àti oṣù kẹta. Ní Zaria pàápàá, oṣù kẹjọ jẹ́ àkókò òjò, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ní ọ̀rinrin, tí ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ ní Bomo nínú oṣù keje yóò ti kọ́ díẹ̀ nínú ohun tí yóò bá pàdé.

Omi ọkọ kì í ṣe ìwọ̀n omi aya

Ibí ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya ti ń ṣìnà, nítorí ìfẹ́. Wọn á ra omi, wọn á sì pín in ní ọgbọọgba: bí ọkọ bá mu ìgò kan, aya náà á mu ìgò kan. Ara kò mọ irú ìdọ́gba bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó wúwo tí ó sì ń fi agbára púpọ̀ tẹ kẹ̀kẹ́ lè pàdánù ju lítà kan lọ láàárín wákàtí kan, nígbà tí ẹni tí ó fúyẹ́ tí ó sì ń lọ pẹ̀lẹ́ kò ní pàdánù tó ìdajì rẹ̀. Bí ẹni kejì yìí bá ń mu omi lásán ní ìwọ̀n ti ẹni àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ṣàn. Orí yóò máa fọ́ ọ, èébì yóò máa gbé e, ọpọlọ lè wú, ó sì lè di wárápá. Àwọn tí ó bá sì rí i lè rò pé òǹgbẹ ni, kí wọ́n tún fún un ní omi sí i. Ó ti pa àwọn eléré ìje ọ̀nà jíjìn kan ní àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè.

Ọ̀nà tí ó rọrùn láti mọ ìwọ̀n ẹni kọ̀ọ̀kan ni òṣùwọ̀n. Ní Bomo, kí wọ́n tó gbéra, kí ọkọ àti aya wọn ara wọn, kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan, kí wọ́n nu òógùn nù, kí wọ́n sì tún wọn ara wọn. Kílò kan tí ó dín jẹ́ omi lítà kan tí ó jáde, kí wọ́n sì ṣírò omi tí wọ́n mu lójú ọ̀nà mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti dé etíkun, kí wọ́n tún un ṣe, nítorí pé iye náà yóò yí padà. Ẹni tí ó wọn 70 kílò kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó dín ju 1.4 kílò lọ kí ó tó rí omi mu. Bí ó bá sì jẹ́ pé ńṣe ni ó wúwo sí i lẹ́yìn ìrìn, omi ti pọ̀ jù nìyẹn.

Lẹ́yìn wákàtí kan lórí kẹ̀kẹ́, omi nìkan kò tó mọ́. Omi iyọ̀ àti ṣúgà tí àwọn ìyá ń pò fún ọmọ tí ó ń ṣu yàgbẹ́ wúlò níhìn-ín náà: ṣíbí kékeré mẹ́fà ṣúgà tí a fá ojú rẹ̀, àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ tí a fá ojú rẹ̀, sínú omi lítà kan tí ó mọ́. Láti Àgbádárìgì lọ, àgbọn ni ó kún ẹ̀bá ọ̀nà, omi rẹ̀ sì dùn mọ́ òǹgbẹ. Ó ní pọtásíọ̀mù púpọ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ tí òógùn ń gbé jáde kò pọ̀ nínú rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá mu ún fi ẹ̀pà oníyọ̀ tàbí oúnjẹ tí ó ní iyọ̀ lé e.

Ìtàn méjì

Ìtàn fi hàn pé ọ̀nà jíjìn lórí kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun tuntun fún tọkọtaya. William Hunter Workman jẹ́ dókítà ará Amẹ́ríkà tí àìlera mú kí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Òun àti aya rẹ̀, Fanny Bullock Workman, gun kẹ̀kẹ́ ní Algeria, níbi tí wọ́n ti gba orí òkè Atlas lọ sí ẹnu aṣálẹ̀ Sahara, wọ́n sì tẹ ìwé nípa rẹ̀ jáde ní ọdún 1895. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n gùn ún la ilẹ̀ Spain já, nǹkan bí 4,500 kìlómítà. Ẹrù ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí kílò mẹ́sàn-án lọ, nǹkan bí 72 kìlómítà ni wọ́n sì ń rìn lójúmọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n lọ sí India, níbi tí ẹ̀fọn ti dá wọn lóró tí táyà sì ń jò lemọ́lemọ́. Ọkọ náà, tí àìlera ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kò kú títí di ọdún 1937, nígbà tí ó ti di ẹni 90 ọdún.

Ní ọdún 1937 yìí kan náà ni Kazimierz Nowak, ọmọ ilẹ̀ Poland, kú ní ẹni 40 ọdún. Òun dá rìn ni. Ó fi ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé, ó gbéra láti Libya ní ọdún 1931, ó dé ìpẹ̀kun Áfíríkà ní gúúsù, ó sì tún rìn padà títí di ọdún 1936, nǹkan bí 40,000 kìlómítà lápapọ̀. Kẹ̀kẹ́ ni ó fi rin apá kan, ó fi ẹsẹ̀, ẹṣin, ọkọ̀ ojú omi àti ràkúnmí rin ìyókù. Lẹ́tà ni ó ń kọ sí ìyàwó rẹ̀. Ibà kọlù ú léraléra lójú ọ̀nà. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn tí ó padà délé tí òtútù àyà pa ara tí ibà ti sọ di aláìlágbára.

Ẹnikẹ́ni kò lè fi ìtàn méjì ṣe ẹ̀rí ìṣègùn, Fanny pàápàá sì kú ní ọdún 1925 lẹ́yìn àìsàn ọlọ́jọ́ gígùn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tí ó dá rìn kò ní hàn gbangba: kò sí ẹni tí yóò wo ojú rẹ̀ kí ó sọ fún un pé ó ti tó.

Ìbéèrè tí ó lè gba ẹ̀mí là

Èyí ṣe pàtàkì nítorí pé àìsàn ooru tí ó le jù, èyí tí ìgbóná inú ara ń fi ré kọjá 40 Celsius, orí ni ó kọ́kọ́ ń dà rú. Ẹni tí ó ń ṣe kì í mọ̀. Yóò ní kò sí nǹkan kan, yóò ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn dé ìlú tó kàn. Ó lè máa bínú láìnídìí, ó lè máa fi kẹ̀kẹ́ ṣe ṣégeṣège lójú ọ̀nà, ó lè dákẹ́ lójijì. Òógùn rẹ̀ lè ṣì máa ṣàn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró di ìgbà tí awọ ara bá gbẹ kí ó tó gbà pé àìsàn ni.

Ẹnì kejì ni dókítà àkọ́kọ́. Ní gbogbo ìdajì wákàtí, kí aya bi ọkọ, kí ọkọ sì bi aya, ní ìbéèrè kékeré: "Bàbá Ìbejì, kí ni orúkọ ìlú tí a kọjá lẹ́ẹ̀kan?" "Ìyá Ìbejì, èló ni o ra àgbọn àárọ̀?" Bí ìdáhùn bá lọ́ra, tàbí tí kò bá ìbéèrè mu, ìrìn ti parí lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí wọ́n ti fẹnu kò ní ilé kí wọ́n tó gbéra pé ẹni tí wọ́n bá ní kí ó sọ̀kalẹ̀ kò ní jiyàn. Ní ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọkọ ti gbà pé àwọn ni olórí, ìpinnu yìí le fún ọkùnrin ju gígun kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ lọ, òun ni ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ gbà.

Bí àìsàn náà bá dé, ara tútù ni ó ṣáájú ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Kí ẹnì kejì gbé e sí ibòji, kí ó ké sí àwọn ènìyàn, kí ó bọ́ aṣọ rẹ̀ kù díẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi tútù sí i lára. Bí ọpọ́n ńlá tàbí agbada bá wà nítòsí tí ó lè gba ara rẹ̀, kí wọ́n tẹ́ ẹ sínú omi náà, kí ẹnì kan máa di orí rẹ̀ mú sókè. Létíkun, abẹ̀bẹ̀ nìkan kò tó, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í gbẹ omi dáadáa; omi púpọ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́. Omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní tútù lẹ́bàá ọ̀nà wúlò: kí wọ́n fi sí abíyá, ọrùn àti ìtan. Kí wọ́n má ṣe da omi sí ẹnu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Oògùn parasetamọ́ọ̀lù kò lè wo irú ooru yìí. Nígbà tí ara bá ti ń tutù ni kí wọ́n wá ọkọ̀. Ní Nàìjíríà, nọ́ńbà pàjáwìrì 112 àti 122 ti àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó wà fún èyí.

Ibà náà máa ń mú ara gbóná, ṣùgbọ́n ibà kì í wábi lọ bí ènìyàn bá sinmi ní ibòji tí ó sì mu omi. Bí ara bá ṣì gbóná ní alẹ́, kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dípò kí wọ́n máa mu oògùn lọ́nà àfojúdá. Àpò-ẹ̀fọn tí a fi oògùn sí kò wúwo, ó sì yẹ kí ó wà nínú ẹrù. Ní ẹnubodè, wọ́n lè bèèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Láti oṣù keje ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ènìyàn bá gbà á ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Àwọn tí ó gbọ́dọ̀ rí dókítà kí wọ́n tó gbèrò rẹ̀ rárá ni aláboyún, ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń mú ni tọ̀, àti ẹni tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí pé àìtó omi lára lè ta ìrora rẹ̀ jí. Ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ AS sábà máa ń ní ìlera pípé, àmọ́ wọ́n ti rí lára àwọn ọmọ ogun àti eléré ìdárayá AS tí ó ṣubú lójijì lẹ́yìn ìmárale àṣejù nínú ooru. Ìmọ̀ràn láti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kan irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ.

Ìjókòó, atẹ́gùn àti òkun

Ìjókòó kẹ̀kẹ́ tí ó bá rẹlẹ̀ jù ń ba orúnkún jẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, orúnkún gbọ́dọ̀ ṣì tẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ ọkùnrin tàbí ti obìnrin bá ń kú tipiri, kì í ṣe ohun ìtìjú tí a ń pa mọ́ra: iṣan ìmọ̀lára ni ìjókòó ń tẹ̀, kí onítọ̀hún dìde dúró lórí kẹ̀kẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ó sì rẹ imú ìjókòó sílẹ̀ díẹ̀. Akoto fún orí méjèèjì, aṣọ tí ó tàn yòò, kí wọ́n sì tẹ̀ lé ara wọn lẹ́yìn dípò kí wọ́n jọ máa sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí pé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ọ̀nà Seme kì í ṣe eré.

Òkun yóò máa pè wọ́n láti wá tutù. Ìgbì àti omi tí ń fà ènìyàn lọ sí àárín le ní gbogbo etíkun yìí, kódà fún ẹni tí ó mọ̀wẹ̀ nínú odò Zaria. Kí wọ́n bu omi kànga sára ni ó sàn.

Gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn ti sábà máa ń fẹ́ wá níbẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó ń lọ sí Lomé yóò máa kọjú sí i, ẹni tí ó sì ń bọ̀ sí Èkó yóò ní in lẹ́yìn. Àwọn kan máa ń torí èyí wọ ọkọ̀ lọ sí Lomé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn tí ó bá ń bá kẹ̀kẹ́ sáré kì í fẹ́ sí ara ẹni tí ó gùn ún. Òógùn rẹ̀ kò ní rí ohun tí yóò gbẹ ẹ́ rárá, ooru yóò sì tètè kó jọ sí i lára nígbà tí ó ń rò pé òun ń gbádùn. Ní ọjọ́ tí atẹ́gùn bá wà lẹ́yìn, kí ìbéèrè náà wáyé ní ìṣẹ́jú 15 sí 15, kí wọ́n sì ti wà nínú ilé kí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ tó lù.